Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ju òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá. Òwe yìí bá ìtàn tí a fẹ́ kà yìí mu rẹ́gí. Nínú gbogbo àwọn obìnrin tí wọ́n gbajúmọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ tó ti Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Ó lówó, ó lọ́lá, ó sì ní ẹrú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó rẹ̀ ni a ṣe ń sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé yìí. A ń sọ ọ́ nítorí pé ìtàn ẹ̀jẹ̀ ni: ẹ̀jẹ̀ tí òun ta sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ta sílẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a pa nítorí ikú rẹ̀. Nígbà tí a bá kà á tán, yóò yé wa ìdí tí àwọn ènìyàn fi ṣe òfin lórí ìpànìyàn, àti ìdí tí òfin náà kò fi gbọdọ̀ mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni orírun Ẹfúnṣetán. Ògúnrìn ni orúkọ baba rẹ̀, ará Ìkìjà sì ni. Ní ìgbà ayé wọn, ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìlú ńlá ń di ahoro, àwọn ènìyàn sì ń sá kiri pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ìbàdàn, níbi tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, wá di ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn sá wá. Ìlú náà kò ní ọba aládé nígbà náà. Agbára apá àti ọgbọ́n orí ni ẹnikẹ́ni fi ń dé ipò níbẹ̀. Wọn kì í bèèrè ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe, ohun tí ó lè ṣe ni wọ́n ń bèèrè. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, obìnrin tí ó bá mọ òwò ṣe lè di ẹni ńlá, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin tí ó bá mọ ogun jà ti lè di balógun.

Ẹfúnṣetán mọ òwò ṣe. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ru ẹrù lọ sí etí òkun, wọ́n sì ń ru òmíràn bọ̀. Ó ń ta ẹrú, ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù, ó ń ta tábà. Àwọn olórí ogun Ìbàdàn kò lè ṣe kí wọ́n má wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ lásán jagun. Nígbà tí owó kò bá sí lọ́wọ́ wọn, yóò fún wọn ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn, wọn yóò sì san án nígbà tí wọ́n bá kó ẹrù ogun dé. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹrú tí ó wà ní oko Ẹfúnṣetán nìkan tó 2,000, láì ka àwọn tí ó wà ní ilé, àti pé ó ní balógun àti ọmọ ogun tirẹ̀. Nígbà tí ọlá rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Oyè Ìyálóde kì í ṣe oyè ẹ̀yẹ lásán. Òun ni olórí gbogbo obìnrin ìlú. Ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè, ó sì ń sọ ti àwọn obìnrin níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó kò lè ra ohun gbogbo. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣetán ní, obìnrin ni ọmọ náà. Ní ọdún 1860, nígbà tí ọmọ yìí fẹ́ bímọ, ó kú sórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo ìbànújẹ́ tí yóò bá ìyá náà. Gbogbo ohun tí ó kó jọ kò ní ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Ilé rẹ̀ kún fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tí yóò pè é ní ìyá tí yóò jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn, bí irú èyí bá dé bá wọn, ọkàn wọn a rọ̀, wọn a sì máa ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Ọkàn ti Ẹfúnṣetán le. Ìtàn sọ pé kò fẹ́ rí aboyún nínú àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ mọ́, àti pé ikú ni ó fi ń san ẹ̀san fún èyí tí ó bá lóyún. A sọ pé ó fi ọwọ́ líle mú àwọn ẹrúkùnrin pẹ̀lú, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré a sì máa di ọ̀rọ̀ orí.

Ó tọ́ kí a fi ìṣọ́ra gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ikú Ẹfúnṣetán, àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ó kù tí ń sọ ìtàn, ẹni tí ó bá sì pa ènìyàn kì í sọ rere òkú náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, ẹni tí ó ṣe ìwádìí lórí ìgbésí ayé rẹ̀, jẹ́ kí ó yé wa pé ipò ńlá ni ó wà nínú òwò àti ìṣèlú Ìbàdàn, kì í ṣe ìkà obìnrin lásán. Eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ ní ọdún 1970, sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ṣùgbọ́n eré ni eré ń jẹ́. Nínú eré náà, Ẹfúnṣetán fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtàn wí, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i láìpẹ́.

Ẹnì kan lè bèèrè pé, ṣé kò sí òfin ní Ìbàdàn nígbà náà ni? Òfin wà. Bí ọmọ ìlú kan bá pa ọmọ ìlú mìíràn, wọn a fà á lọ sí iwájú àwọn ìjòyè, bí ó bá sì jẹ̀bi, a lè pa á. Ibi tí àléébù wà ni pé òfin náà kò ka ẹ̀mí gbogbo ènìyàn sí ọgbọọgba. Ohun ìní olówó rẹ̀ ni a ka ẹrú sí, bí ẹṣin tàbí bí àgùntàn. Nígbà tí olówó bá pa ẹrú rẹ̀, àwọn ènìyàn lè sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n lè pe olówó náà ní ìkà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wá fi í sùn pé ó pànìyàn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí a ń sọ̀rọ̀ ikú àwọn ẹrú ní ilé Ìyálóde, tí ìgbìmọ̀ tí òun pàápàá jókòó nínú rẹ̀ kò sì bi í léèrè.

Ní ọdún 1871, Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ó sì di olórí Ìbàdàn. Jagunjagun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun du agbára ni. Ọ̀rọ̀ òun àti Ìyálóde kò wọ̀. Ogun tí ń lọ lójoojúmọ́ kò tẹ́ Ẹfúnṣetán lọ́rùn mọ́. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn olórí ogun, kò sì rí i gbà. Ó wá fa ọwọ́ sẹ́yìn, kò fún wọn ní àwìn mọ́. Kò pẹ́ tí Ààrẹ ti ogun dé tí ó fi ka ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta sí i lọ́rùn. Èkíní ni pé kò bá òun lọ sí ogun. Èkejì ni pé kò fi ohun èlò ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó. Ẹ̀kẹta ni pé kò wá pàdé òun ní odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Èwo nínú wọn ni ó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrú? Kò sí. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni pé Ẹfúnṣetán pa àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, ikú wọn kò wúwo lójú àwọn ìjòyè tó àìkí Ààrẹ kú àbọ̀. Ẹ tún wo ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn án àti ẹni tí ó dá ẹjọ́ náà: ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi Ìyápọ̀, ẹni tí í ṣe igbákejì rẹ̀, rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó sì san án. Ó kó ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn ìjòyè kí wọ́n lè bá a bẹ Ààrẹ. Àwọn ìjòyè gba ẹ̀bùn, Ààrẹ kò gba ẹ̀bẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ń ba Ẹfúnṣetán. Ó mọ̀ pé ẹ̀mí òun ni wọ́n ń wá. Kì í sun inú yàrá kan ní òru méjì léraléra, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí ó wà. Obìnrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wárìrì fún ní ìjelòó wá di ẹni tí ń fi ara pamọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹnì kan wà nínú ilé náà tí a ń pè ní Kúmúyìílọ, ẹni tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́ bí ọmọ. Àwọn tí ń wá ẹ̀mí Ìyálóde fi owó àti ìlérí fa ojú rẹ̀ mọ́ra, ó sì gbà láti ṣe iṣẹ́ náà. Ní òru ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1874, méjì nínú àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọ inú yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì pa á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ariwo ta. Àwọn ẹbí rẹ̀ tí í ṣe Ẹ̀gbá bèèrè irú ikú tí ó pa ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é bò mọ́lẹ̀, àwọn ìjòyè sì pe ìpàdé lé e lórí. Gbogbo ojú ni ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ṣùgbọ́n ta ni yóò nàka sí Ààrẹ? A yọ Kúmúyìílọ kúrò ní ipò olórí ilé. Ní ti àwọn ẹrú méjèèjì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà, a mú wọn jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje, a sì fi ikú oró pa wọ́n ní gbangba. Báyìí ni ẹjọ́ náà parí. Ẹni tí a rán kú, ẹni tí ó rán an wà láàyè. Látòósà ṣe olórí Ìbàdàn fún ọdún mọ́kànlá sí i, títí ó fi kú sí ibùdó Ogun Kírìjì ní ọdún 1885, níbi tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti kọ̀ láti máa sin Ìbàdàn.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìdájọ́ ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn yìí sí ẹ̀gbẹ́ òfin tí a ń lò lónìí. Ìwé òfin ọ̀ràn dídá méjì ni ó ti pẹ́ ní Nàìjíríà. Èkíní ni Criminal Code, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ lò ní Àríwá ní ọdún 1904, tí wọ́n sì nà dé gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916. Èkejì ni Penal Code, èyí tí Ìjọba Àríwá ṣe ní ọdún 1959, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ọjọ́ kan ṣáájú òmìnira. Láti orí òfin ilẹ̀ Súdáànì ni wọ́n ti mú un, àwọn ará Súdáànì sì mú tiwọn láti orí òfin tí a ṣe fún ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1860, ọdún kan náà tí ọmọ Ẹfúnṣetán kú.

Àwa tí a wà ní Ìlọ́fà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Èkìtì ni wá, èdè wa kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn ará Ọ̀tùn. A jọ ń fẹ́ra, a jọ ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n Àríwá ni ìjọba kà wá mọ́ láti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì, títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967. Nítorí náà, bí ènìyàn bá pànìyàn ní Ìlọ́fà, Penal Code ni a ó fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣe irú ọ̀ràn kan náà ní Ọ̀tùn, òfin ti ìhà Gúúsù, èyí tí ó ti inú Criminal Code jáde, ni a ó lò. Orúkọ tí ìwé méjèèjì pe ẹ̀ṣẹ̀ náà lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn kò jìnnà síra.

Penal Code wí pé ènìyàn jẹ̀bi ìpànìyàn bí ó bá fa ikú ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò láti pa á, tàbí láti ṣe é léṣe tí ó lè yọrí sí ikú. Tàbí bí ó bá ṣe ohun tí ó mọ̀ pé ó lè pa ènìyàn. Tàbí bí ìwà wàdùwàdù tàbí àìbìkítà rẹ̀ bá fa ikú ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí, ó pín ẹ̀ṣẹ̀ náà sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, pẹ̀lú èrò láti pani, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ìjìyà rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún díẹ̀, tàbí owó ìtanràn, gẹ́gẹ́ bí adájọ́ bá ti rí ọ̀ràn náà sí. Kí a tó lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ìpànìyàn tí ó la ikú lọ, agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìdí ohun mẹ́ta múlẹ̀ láìsí iyèméjì: pé ènìyàn kan kú, pé ohun tí olùjẹ́jọ́ ṣe ni ó pa á, àti pé olùjẹ́jọ́ ní èrò láti pa á, tàbí ó mọ̀ pé ikú ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá pe àwọn tí wọ́n wà nínú ìtàn wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹfúnṣetán ni ó kọ́kọ́ jáde. Òfin òde òní kò mọ ẹrú. Òfin ìjọba Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín kẹtàlélọ́gbọ̀n, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí rẹ̀. Ní ìpín tí ó tẹ̀lé e, ó wí pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni lẹ́rú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pa ìránṣẹ́ rẹ̀ pànìyàn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó pa ọba. Bí ó bá jẹ́ òtítọ́ ni pé ó pa aboyún, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú òfin tí kì í jẹ́ kí a yẹgi fún aboyún tí a dá lẹ́bi ikú pàápàá.

Ǹjẹ́ ìbànújẹ́ rẹ̀ kò lè gbà á là? Òfin mọ̀ pé ẹlẹ́ran ara ni ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí ó burú sí ọ lójijì, tí inú rẹ fi ru tí o kò lè pa á mọ́ra, tí o sì pa ẹni náà lójú ẹsẹ̀ kí ọkàn rẹ tó rọlẹ̀, òfin lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ di èyí tí kò la ikú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ọ bínú gan-an ni òfin ń wí, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìbínú ojú ẹsẹ̀ sì ni, kì í ṣe èyí tí a ti ń gbé sọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ẹrúbìnrin Ẹfúnṣetán kọ́ ni wọ́n pa ọmọ rẹ̀. Ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ̀ wá ní ọdún 1860 kò lè jẹ́ àwíjàre fún ẹ̀jẹ̀ tí a ta sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A lè káàánú rẹ̀. A kò lè dá a láre.

Àwọn ẹrú méjì ni wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n gba òkè àjà wọlé ní òru, wọ́n sì pa ẹni tí ó ń sùn. Kò sí ìjà, kò sí ìbínú òjijì, kò sí pé wọ́n ń gba ara wọn sílẹ̀. Òfin gba ẹni tí a bá dojú ikú kọ láàyè láti gbèjà ara rẹ̀, bí kò bá ju ohun tí ewu náà béèrè lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn kò dojú ìjà kọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ̀bi. Iṣẹ́ tí a rán wọn kò gbà wọ́n sílẹ̀, nítorí kò sí ọ̀gá tí ó ní ẹ̀tọ́ láti rán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ níṣẹ́ ìpànìyàn.

Àwọn tí wọ́n rán wọn ńkọ́? Níbí ni òfin òde òní ti yàtọ̀ gédégédé sí ìdájọ́ ọdún 1874. Criminal Code, ní ìpín keje, ka ẹni tí ó gbani nímọ̀ràn láti dá ọ̀ràn, tàbí tí ó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, sí ọ̀daràn bí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a. Penal Code wí pé ẹni tí ó bá ti ẹlòmíràn sí ọ̀ràn, tí a sì dá ọ̀ràn náà nítorí rẹ̀, yóò jẹ ìyà tí ó tọ́ sí ọ̀ràn náà gan-an. Bí a bá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Kúmúyìílọ ṣètò ikú náà, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀ ì bá jẹ́, kì í ṣe ìyọkúrò nípò lásán. Bí a bá sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ààrẹ ni ó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, oyè Kakaǹfò kò ní lè bò ó mọ́lẹ̀. Àní bí Ẹfúnṣetán kò bá kú, bí wọ́n bá ṣá a lọ́gbẹ́ tí ó sì yè é, ẹni tí ó gbìyànjú láti pa á lè fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Kì í ṣe ikú nìkan ni òfin ń ṣọ́. Ó ń ṣọ́ ara ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá fọ́ ojú ẹlòmíràn, tí ó sọ ọ́ di adití, tí ó gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ba ojú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú àpá tí kò lè parẹ́, tí ó ṣẹ́ egungun rẹ̀, tàbí tí ó ká eyín rẹ̀, ìpalára ńlá ni Penal Code pè é. Bákan náà ni ìpalára tí ó mú ènìyàn jẹ̀rora kíkan fún ogún ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń fi ẹ̀ṣẹ́ parí àríyànjiyàn lórí pápá bọ́ọ̀lù rántí èyí. Eyín kan ṣoṣo tí ó já bọ́ lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé iwájú adájọ́. Ẹ̀ṣẹ́ kan tí a kò fi pani lọ́kàn sì lè gbé ènìyàn ṣubú lórí òkúta, kí ó sì di ọ̀ràn ikú.

Ohun kan ṣì kù, òun sì ni ó ga jù. Wọ́n dá Ẹfúnṣetán lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni adájọ́ rẹ̀. Ìpín kẹrìndínlógójì nínú òfin ìjọba wa wí pé ẹnikẹ́ni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ rí ìgbẹ́jọ́ òdodo níwájú ilé ẹjọ́ tí kò ṣe ojúsàájú, àti pé a gbọ́dọ̀ kà á sí aláìjẹ̀bi títí a ó fi fi ìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí kò yọ ìkà sílẹ̀. Kódà bí ó bá jẹ́ pé òtítọ́ ni gbogbo ohun tí a sọ nípa Ìyálóde, a kò ní ẹ̀tọ́ láti rán apànìyàn sí i ní òru. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a mú un wá sí ojútáyé, kí a ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí, kí a pe àwọn ẹlẹ́rìí, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí a sì dá a lẹ́jọ́ ní ojú oòrùn. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ àwọn ẹrú tí ó kú ì bá wà nínú ìtàn títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Orúkọ Ẹfúnṣetán wà, orúkọ Látòósà wà. Àwọn tí a kọ́kọ́ ta ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ lọ láìlórúkọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èyí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìgbésí ayé obìnrin ńlá yìí. Ẹfúnṣetán gbé ní ìlú tí òfin kò gba ẹrú sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, èyí sì tẹ́ ẹ lọ́rùn nígbà tí òun jẹ́ olówó. Ọjọ́ ń bọ̀ tí òun náà yóò wá òfin tí yóò gba aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára, kò sì ní rí i, nítorí pé òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbé e kalẹ̀ nígbà tí àyè wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òfin gba òun lọ́la, kí ó jẹ́ kí ó gba ẹni tí ó kéré jù lónìí. Igi tí a fi ń ṣe ọgbà fún aládùúgbò, òun náà ni yóò dá ewúrẹ́ dúró lẹ́nu ọgbà tiwa.